Búréèkì Iwájú fún Ọkọ̀ Ìgboro àti Tráàkì: Ẹ Mọ Ibi Tí Ooru Ń Lọ Kí Ẹ Tó Sanwó

Bí ọkọ̀ kan náà bá ń gbé yín láti Súrùlérè lọ síbi iṣẹ́ ní Victoria Island lọ́jọ́ Ajé, tí ẹ tún ń gbé e lọ sáré ní tráàkì lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, búréèkì iwájú ni yóò kọ́kọ́ fi yé yín pé iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á gba ọjà Ládípọ̀ lọ tààrà láti ra kálípà pupa ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi páàdì há dííìsì (àwo irin tó ń bá táyà yí) kí ọkọ̀ lè dúró. À ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹni gbẹ́gilére ló ń dáhùn: ọ́ìlì ló ń hó, kálípà la lọ rà. Ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ búréèkì. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé síwájú yín pé kí ẹ rà, ẹ bi ara yín pé ooru wo ló fẹ́ gbà mọ́ra, ibo ló sì fẹ́ kó o lọ.

Ẹ wo ìṣirò yìí. Ọkọ̀ tó wọn 1,400 kg, tó ń sá 100 km/h, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dúró, agbára tó máa di ooru jẹ́ nǹkan bí 540 kJ. Bí ó bá jẹ́ 160 km/h ló ń sá, ó di nǹkan bí 1,380 kJ. Eré kò tíì tó ìlọ́po méjì, ooru ti ju ìlọ́po méjì àtààbọ̀ lọ. Lórí Ikorodu Road, ẹ lè má tẹ irú búréèkì bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ní tráàkì, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, kí ìṣẹ́jú kan sì tó pé ẹ ó tún tẹ̀ ẹ́. Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ yìí ló ń já lé búréèkì iwájú lọ́wọ́, nítorí pé ìwúwo ọkọ̀ ń rọ́ síwájú bí ẹ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín sọ àìsàn rẹ̀

Bí pẹ́dà bá rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, tó ń wọlẹ̀ ṣáá, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì-ẹ̀ẹ̀mẹta ló tó gbé sókè díẹ̀, ọ́ìlì búréèkì ti hó. Ọ́ìlì kì í ṣeé tẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ti hó di afẹ́fẹ́ nínú rẹ̀ ṣeé tẹ̀ pọ̀. Afẹ́fẹ́ yẹn lẹ ń fẹsẹ̀ tẹ̀, kì í ṣe páàdì.

Bí pẹ́dà bá le gbagidi, tó dúró síbi tó yẹ kó dúró, ṣùgbọ́n tí ọkọ̀ ń lọ bí ẹni pé ẹ ò tẹ nǹkan kan, páàdì ló ti kọjá ooru tó lè gbà.

Bí stíárìn bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ búréèkì, ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì yóò ní dííìsì ti tẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kó tẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó sábà ń fà á ni pé páàdì ti lẹ̀ mọ́ ojú kan lára dííìsì ju ojú kejì lọ, tàbí kí ìdógùn-ún wà láàárín dííìsì àti họ́ọ̀bù (irin tí dííìsì àti ríìmù ń jókòó lé) tí kò jẹ́ kó jókòó dáadáa.

Bí kò bá sí ọ̀kankan nínú gbogbo èyí, ṣùgbọ́n tí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà há) ń tètè gbọ̀n gọ̀gọ̀gọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ kò sì tètè dúró, ẹ má ra nǹkan kan fún búréèkì. Táyà ni. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT lára táyà: 2315 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2015. Táyà tọ́kùnbọ̀ tó ti gbó bẹ́ẹ̀, kò sí kálípà ayé yìí tó lè ràn án lọ́wọ́, nítorí pé táyà ló ń di ilẹ̀ mú.

Ọ́ìlì ló kọ́kọ́

DOT tí ẹ ń rí lára ìgò ni ìpele ọ́ìlì búréèkì. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, DOT 4 kí ó tó dé 230°C, DOT 5.1 kí ó tó dé 260°C. Ìgbà tó wà ní tuntun nìyẹn o. Irú ọ́ìlì wọ̀nyí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, nígbà tí omi inú rẹ̀ bá sì ti di ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlànà gbà kí ti DOT 3 wálẹ̀ dé 140°C, ti DOT 4 dé 155°C, ti DOT 5.1 dé 180°C. Ní Èkó wa yìí tí ọ̀sà wà lápá kan tí òkun wà lápá kejì, ọ́ìlì tó ti wà nínú ọkọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e sọ̀kalẹ̀ ní èbúté kò lè jẹ́ ọ́ìlì gbígbẹ mọ́.

Ẹ ra ọ́ìlì tráàkì tí wọ́n kọ sára rẹ̀ pé ó ń gbà ju 300°C lọ nígbà tó wà ní tuntun. Ìgò 500 ml méjì tó láti fọ gbogbo inú ẹ̀rọ náà pátápátá, díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ rí i pé bébà dídán tó bo ẹnu ìgò ṣì wà pípé. Ìgò tí ẹ ti ṣí kò ṣeé tọ́jú di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da DOT 5 mọ́ ọn, DOT 5 tí kò ní ".1" lẹ́yìn rẹ̀, sílíkónì ni, kò bá àwọn yòókù mu rárá.

Nígbà tí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ hóòsì rọ́bà. Hóòsì tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dára lójú, kí inú rẹ̀ ti wú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì fi ń wọlé tí kì í tètè padà, páàdì á wá máa ha dííìsì lọ́jọ́ gbogbo. Hóòsì tí wọ́n fi wáyà irin hun ń mú kí pẹ́dà le dáadáa lábẹ́ ẹsẹ̀. Kò fi agbára kún búréèkì, ẹ má ṣe tìtorí agbára rà á.

Páàdì: ọ̀kan ṣoṣo kò lè ṣe méjèèjì

Ibi tí owó yín ti máa ṣiṣẹ́ jù lọ nìyí. Páàdì ìgboro tó dára ń ṣe dáadáa títí dé nǹkan bí 350 sí 400°C. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdìmú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Páàdì tráàkì ń gbà ju 600°C lọ. Ẹ lè wá ní kí ló dé tí a ò kúkú fi ti tráàkì síbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo? Ẹ ronú ọjọ́ Ajé láago méje àárọ̀ ní Ojúẹlẹ́gba: dííìsì kò tíì gbóná, dánfó dúró lójijì níwájú yín láti gbé èrò, páàdì tí wọ́n ṣe fún ooru ńlá kò sì tíì ṣe tán láti di nǹkan kan mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, á máa han bí ọkọ̀ àjàgbé, á jẹ dííìsì, eruku rẹ̀ á sì bá ọ̀dà ríìmù jẹ́.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ ní ìpín méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí ọwọ́ bá ti mọ́ ọn, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì kì í gbà ju wákàtí kan lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun kan: páàdì ń fi awọ tín-ín-rín kan sílẹ̀ lójú dííìsì, orí awọ yẹn ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Páàdì tuntun tí èròjà rẹ̀ yàtọ̀, bó bá bá awọ ti èkejì níbẹ̀, ó lè máa yọ̀ tàbí kó máa gbọ̀n. Nítorí náà, ẹ ra méjèèjì lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà tó bá sọ pé wọ́n bá ara wọn mu, tàbí kí ẹ ní dííìsì méjì-méjì, kí páàdì kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀mejì péré ló ń lọ sí tráàkì lọ́dún, tí kì í sì í pẹ́ níbẹ̀, lè ra páàdì àárín, èyí tí wọ́n ṣe fún ìgboro onísáré, kó sì máa sinmi ọkọ̀ lẹ́yìn ìyípo bíi mẹ́rin.

Ẹ máa ń rí lẹ́tà méjì lára páàdì, bíi EE, FF tàbí GG. E túmọ̀ sí pé ìdìmú rẹ̀ wà láàárín 0.25 àti 0.35, F láàárín 0.35 àti 0.45, G láàárín 0.45 àti 0.55. Lẹ́tà àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìgbà tí kò gbóná púpọ̀, èkejì jẹ́ ti ìgbà tó gbóná. Páàdì tí lẹ́tà kejì rẹ̀ bá kéré sí ti àkọ́kọ́, bíi FE, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí kì í sáré. Èyí tí kò bá ní lẹ́tà kankan lára rárá, bó ti wù kí páálí rẹ̀ dán tó, ẹ dá a padà fún oníṣọ́ọ̀bù.

Páàdì tuntun sábà máa ń nípọn tó 10 sí 12 mm láìka irin ẹ̀yìn rẹ̀. Nígboro, ẹ lè lò ó títí di 3 mm. Ẹ má gbé ọkọ̀ dé tráàkì bí èyí tó kù bá ti kéré ju ìdajì lọ, nítorí pé páàdì tín-ín-rín kì í dí ooru mọ́. Tààrà ló ń tì í wọ inú písítìn (irin inú kálípà tó ń ti páàdì), písítìn á sì kó o fún ọ́ìlì.

Ẹ má gbàgbé ẹ̀yìn. Bí iwájú bá ti di páàdì líle tí ẹ̀yìn ṣì wà pẹ̀lú ti ọjà, iwájú nìkan lá máa ṣe gbogbo iṣẹ́.

Dííìsì: ìwúwo ló ń gba ooru

Irin dííìsì nílò nǹkan bí 0.46 kJ kí kìlógíráàmù rẹ̀ kan tó gbóná sí i ní 1°C. Ẹ padà sí 1,380 kJ ọ̀ún. Dííìsì iwájú kan yóò gba bí 483 kJ nínú rẹ̀. Bó bá wọn 8 kg, á gbóná sí i ní nǹkan bí 131°C nínú ìtẹ̀ kan ṣoṣo, láìka èyí tí afẹ́fẹ́ bá kó lọ. Bó bá wọn 10 kg, á jẹ́ 105°C. Ẹ wá fi ìtẹ̀ márùn-ún láàárín ìyípo kan wò ó. Ìyàtọ̀ yìí gan-an lẹ ń sanwó fún nígbà tí ẹ bá ra dííìsì ńlá.

Dííìsì tó ní ihò kéékèèké dára lójú, ẹnu ihò wọ̀nyẹn sì ni sísán ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tráàkì. Ẹ ra èyí tí ojú rẹ̀ dán lásán, tàbí èyí tó ní ìlà tí wọ́n gbẹ́ díẹ̀. Bí ìlà tín-ín-rín bíi ti ewé bá jáde lójú rẹ̀ lẹ́yìn eré, kò burú. Ṣùgbọ́n bí èékánná yín bá ń há sínú rẹ̀, tàbí tí ìlà náà dé etí dííìsì, ẹ sọ ọ́ nù lọ́jọ́ náà.

Lára ìdí dííìsì, ẹ ó rí MIN TH pẹ̀lú nọ́ńbà kan. Òun ni ìnípọn tó kéré jù tí kò gbọdọ̀ kọjá. Bí ẹ bá ń fi fanía (irin tí wọ́n fi ń wọn ìnípọn) wọ̀n ọ́n, etí dííìsì tí páàdì kì í kàn máa ń yọ gọngọ, orí rẹ̀ ni ẹnu fanía á wá jókòó lé, dííìsì tó ti tán á wá dà bí ẹni pé ó ṣì nípọn. Ẹ fi wáṣà méjì tó nípọn bákan náà sí ọ̀tún àti òsì ojú rẹ̀ níbi tí páàdì ti ń há a, kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ wá yọ ìnípọn wáṣà méjèèjì kúrò.

Ìgbà wo ni kálípà ńlá wá kàn?

Bí ọ́ìlì bá dára, tí páàdì bá tọ́, tí ooru ṣì ń borí yín, ìgbà náà ló kàn. Níbí gan-an ni iye písítìn ti ń tan ènìyàn jẹ. Kálípà tó ń yọ̀ lórí pín-ìn, tó ní písítìn kan péré tó fẹ̀ ní 57 mm, ojú písítìn rẹ̀ jẹ́ 2,552 mm². Ẹ wá gbé kálípà onípísítìn mẹ́rin kan, 38 mm àti 42 mm lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbẹ́ kan lẹ ó kà, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ kejì ló ń ti dííìsì padà wá bá a. 1,134 pẹ̀lú 1,385 jẹ́ 2,519 mm². Ẹ rí i pé mẹ́rin yẹn kò tilẹ̀ tó ọ̀kan. Ohun tó dára ni pé kò tó o: pẹ́dà yín kò ní wọlẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí àárín ibi tí páàdì ti di dííìsì mú bá sì jìnnà sí họ́ọ̀bù láti 125 mm sí 140 mm, agbára iwájú á fi bí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i.

Bí ẹnì kan bá tà yín ní ti písítìn 44 mm mẹ́rin, ẹ̀gbẹ́ kan ti di bí 3,041 mm². Pẹ̀lú dííìsì ńlá kan náà, iwájú á fi bí ìdá kan nínú mẹ́ta lágbára ju ti tẹ́lẹ̀. Ó dùn ún gbọ́. Ohun tó máa ṣẹlẹ̀ ni pé pẹ́dà á gùn, táyà iwájú á tètè fẹ́ há, ABS á dá sí i, táyà ẹ̀yìn ò sì ní tíì ṣe ìdá tirẹ̀. Ọkọ̀ á wá gba ibi tó gùn ju ti àtijọ́ lọ kó tó dúró. Àwa kì í fẹ́ kí àlékún iwájú ju ìdá 10 sí 15 lọ bí ẹ ò bá fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Ẹni tó ń tà á, ẹ ní kó sọ ìwọ̀n písítìn fún yín. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín kí owó tó jáde.

Ohun tó bá Èkó mu jù lójú tiwa ni búréèkì àgbà inú ẹbí ọkọ̀ kan náà. BMW E46 325i ní dííìsì iwájú 300×22 mm. Ti 330i jẹ́ 325×25 mm, kálípà àti apá tó gbé e dúró sì ń wọlé láìgé nǹkan kan. Golf 5 GTI ní 312×25 mm; ti R32 jẹ́ 345×30 mm. Páàdì àti dííìsì irú wọn ṣeé rí ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní ASPAMDA ní Trade Fair. Kíìtì àjèjì tí dííìsì rẹ̀ kò sí níbí máa jẹ́ kí ọkọ̀ yín jókòó nílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lọ́jọ́ tí dííìsì kan bá sán.

Ríìmù ńkọ́? 325 mm ti E46 ń fẹ́ ríìmù 17. Fún 345 mm, ẹ fi 18 sọ́kàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ ríìmù 17 kò gbà á. Ìwọ̀n nìkan kò tó, apá inú ríìmù lè kan ojú kálípà. Ẹ gé páálí bí kálípà ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé e sórí họ́ọ̀bù, kí ẹ yí ríìmù ká a. Àlàfo 3 mm ló kéré jù níbi gbogbo.

Bí ẹ bá ń ra tọ́kùnbọ̀

Kálípà tọ́kùnbọ̀ ṣeé rà. Dííìsì tọ́kùnbọ̀ kò ṣeé rà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kún un fún yín ní ọ̀fẹ́. Ọ̀dà pupa tuntun lè bo ohun púpọ̀, nítorí náà ẹ ká rọ́bà tó bo písítìn sókè, kí ẹ wo ara písítìn: bí ihò ìdógùn-ún bá wà níbi tí rọ́bà inú ti ń pa á, á jò. Ẹ fi kilámpù ti písítìn wọlé, kó wọ̀ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ láìfipá. Ẹ tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bílídà. Bó bá kọ̀ tí kò tú, ẹ má dúró gbọ́ pé "a máa tú u fún yín nílé". Ẹ ra rọ́bà tuntun fún gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ọ̀tún àti òsì ni wọ́n fún yín.

Ọ̀rọ̀ ọ̀tún àti òsì yìí ló ń bá iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Bílídà gbọ́dọ̀ wà lókè. Bí wọ́n bá gbé ti ọ̀tún sí òsì, bóòtù á wọlé, páàdì á wọlé, ọkọ̀ á tilẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bílídà á wà nísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á jókòó lókè kálípà, pẹ́dà á sì máa rọ̀ láìka iye ìgò ọ́ìlì tí ẹ bá dà sí i.

Nígbà tí ẹ bá ń dè é

Ẹ gbé ọkọ̀ lé ìdúró irin. Bulọ́ọ̀kù símẹ́ńtì lè fọ́ lójijì, ènìyàn á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà ha ojú họ́ọ̀bù títí irin á fi mọ́, ẹ fọ òróró tí wọ́n fi pa dííìsì tuntun kúrò. Bí irin àárín dííìsì bá tẹ̀ kọdọrọ, ó ní ọ̀tún àti òsì: tí ẹ bá wò ó láti òkè, irin yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ bó ti ń jáde lọ sí etí, kó lè máa fẹ́ afẹ́fẹ́ síta. Ẹ yí stíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ wò ó bóyá hóòsì ń kan táyà.

Fífa afẹ́fẹ́ jáde: ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí másítà (ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì) ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí stíárìn wọn wà lósì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, iwájú òsì. Kálípà tó ní bílídà méjì, méjèèjì lẹ ó fà. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì inú ike òkè gbẹ rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú ABS, àwọn ọkọ̀ kan nílò kọ̀ǹpútà kó tó jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ bá páàdì àti dííìsì lára mu. Ìlànà ilé-iṣẹ́ tó ṣe páàdì ló ga jù. Bí kò bá sí, ẹ sá 80 km/h, ẹ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ sí 20, láìdúró, bíi ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí ẹ wá wa ọkọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tutù. Ẹ má ṣe é lórí Third Mainland Bridge. Ẹ wá ojú ọ̀nà tó ṣí sílẹ̀ ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, tí kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́yìn yín.

Ní tráàkì, ẹ fi ìyípo tó kẹ́yìn tutù búréèkì. Bí ẹ bá dúró, ẹ má fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀, ẹ má fa háńdì búréèkì. Ibi tí páàdì bá dúró sí lórí dííìsì gbígbóná ni á lẹ̀ mọ́. Bí òjò bá ti rọ̀ tí omi wà lójú ọ̀nà Ajah, ẹ jẹ́ kí dííìsì tutù tán kí ẹ tó wọ omi.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ẹ bá ti dá páàdì ìgboro padà, písítìn ti wọlé jìnnà. Ìtẹ̀ àkọ́kọ́ á wọlẹ̀ dé ìsàlẹ̀ láìdi nǹkan kan mú. Kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò níbi tó wà, ẹ tẹ pẹ́dà léraléra títí á fi le, ẹ wo ọ́ìlì inú ike, kí ẹ sì tún nọ́ọ̀tì ríìmù fún.